Bí ẹ ṣe lè wọ rélùwéè Ìbàdàn sí Èkó lówó pọ́ọ́kú, kí iṣẹ́ inú ọkọ̀ sì tó owó yín

Tíkẹ́ẹ̀tì tó dínwó jù lọ lè má jẹ́ ìrìnàjò tó dínwó jù lọ. Ẹni tó ń gbé Chálẹ́ńjì n'Íbàdàn, tó sáré lọ wọ rélùwéè ní Mọníyà torí wọ́n ní owó rẹ̀ kéré sí ti bọ́ọ̀sì, lè ti ná èrè tó rò pé òun jẹ tán kó tó kọjá Òjòó. Ẹni tó sì ń gbé Òjòó gan-an lè máa jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú títì márosẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà tí rélùwéè wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Àwa tí à ń ti Ìbàdàn lọ sí Abẹ́òkúta tàbí Èkó ni mo kọ èyí fún: bí a ṣe ń ṣírò owó, ibi tí ẹ̀dínwó wà lóòótọ́, àti ohun tó yẹ ká máa fojú wò nígbà tí a bá ti wọ inú ọkọ̀.

1. Ẹ mọ ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra, kí ẹ sì mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é

Bí ẹ bá ní kí àgbàlagbà kan júwe rélùwéè fún yín n'Íbàdàn, Dùgbẹ̀ ló máa júwe. Kò jẹ̀bi. Ọdún 1901 ni ojú irin àwọn òyìnbó ti Èkó dé Ìbàdàn, Dùgbẹ̀ sì ni wọ́n kọ́ ibùdó rẹ̀ sí. Èyí tí mò ń sọ níbí ni ojú irin tuntun, tó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, tí ilé iṣẹ́ CCECC láti China kọ́, tí Ààrẹ Buhari sì ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021. Kìlómítà 157 ni. Mọníyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ló parí sí. Láti Òjòó, ẹ ó gba ọ̀nà Ọ̀yọ́, ẹ ó kọjá IITA, kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Orúkọ èèyàn ni wọ́n fi sọ àwọn ibùdó yìí, orúkọ yẹn lẹ sì lè bá níbi tí ẹ ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì dípò orúkọ ìlú. Obafemi Awolowo ni Mọníyà. Ladoke Akintola ni Ọ̀mí-Adió. Olusegun Osoba ni Olódó. Wole Soyinka ni Ládérìn, ìyẹn Abẹ́òkúta. Funmilayo Ransome-Kuti ni Papalantó, Yemi Osinbajo ni Kájọlà, Lateef Jakande ni Agbádo, Babatunde Fashola ni Agége, Mobolaji Johnson sì ni Alágómejì ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí ọ̀pọ̀ èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú Olódó. Olódó tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn mọ̀ wà lápá Ìwó Road, ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá. Olódó ti rélùwéè wà lọ́nà Abẹ́òkúta, nílẹ̀ Ògùn. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì "Olódó" torí ó rò pé ó máa sún mọ́ ilé òun, ọ̀nà rẹ̀ jìn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àpáta tàbí agbègbè rẹ̀, Ọ̀mí-Adió ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Kí ẹ gba àárín ìgboro kọjá lọ sí Mọníyà, kí rélùwéè tún wá gbé yín padà kọjá ìtòsí ilé yín, kò mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ náà ń dúró níbẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ibùdó ni gbogbo ọkọ̀ ń dúró sí.

Lápá Èkó náà, kì í ṣe dandan kí ẹ dé Alágómejì. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni rélùwéè ìgboro Èkó tí wọ́n ń pè ní Red Line ti ń gbé èrò láti Agbádo dé Oyíǹgbò, ó sì ń dúró ní Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Ọ̀ṣòdì, Múṣin àti Yábàá. Bí Ìkẹjà tàbí Ọ̀ṣòdì lẹ ń lọ, ẹ lè sọ̀ ní Agége kí ẹ wọ ìyẹn. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń sanwó níbẹ̀, kì í ṣe owó ọwọ́, nítorí náà ẹ tọ́jú káàdì yín pẹ̀lú owó nínú rẹ̀.

2. Ẹ ṣírò owó láti ẹnu ọ̀nà ilé yín

Ẹ mú bírò. Ìlà mẹ́ta ni ẹ ó kọ: owó tó máa gbé yín dé ibùdó, owó tíkẹ́ẹ̀tì, owó tó máa gbé yín láti ibùdó kejì dé ibi tí ẹ ń lọ gan-an. Ẹ ro wọ́n pọ̀, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún bọ́ọ̀sì gáréèjì náà.

Ẹ jẹ́ ká fi iye àpẹẹrẹ ṣe é, torí owó ọkọ̀ kì í dúró sójú kan. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì ìkọ́nọ́mì jẹ́ ₦4,000. Ẹni tó ń ti Chálẹ́ńjì bọ̀ máa wọ takisí Micra tàbí kórópe títí dé Òjòó, á tún wọ òmíràn dé Mọníyà. Ká pe ìyẹn ní ₦1,500. Ó sọ̀ ní Alágómejì, ó fi ₦1,000 dé Sùúrùlérè. Gbogbo rẹ̀ di ₦6,500. Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì ló wọ̀ ní Chálẹ́ńjì ní ₦5,500, tó fi ₦800 parí ọ̀nà nígbà tó dé Èkó, ₦6,300 ni. Igba náírà ni bọ́ọ̀sì fi dínwó. Ẹ wá mú ẹni tó ń gbé Òjòó: ₦300 dé Mọníyà, ₦4,000, ₦1,000. ₦5,300. Bí owó bọ́ọ̀sì tirẹ̀ náà bá jẹ́ ₦6,300, ó ti jèrè odindi ẹgbẹ̀rún kan lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan náà.

Ohun méjì wà tí ìṣirò yìí máa ń fò dá. Àkọ́kọ́ ni ẹrù. Awakọ̀ Micra tó rí yín pẹ̀lú àpò ìrẹsì àti garawa epo pupa máa gba owó síìtì ẹnì kan kún un. Èkejì ni àkókò. Ọkọ̀ tó bá kúrò l'Ékòó lọ́sàn-án ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ á ti fẹ́ ṣú kó tó gúnlẹ̀ sí Mọníyà, gbogbo èrò á sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn oníMicra á máa wo ojú yín bíi ẹni tó mọ̀ pé ẹ ò ní ibòmíì í lọ. Bí ẹ bá pé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ọ̀nà yín pa pọ̀, ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀ nínú rélùwéè kí ẹ tó sọ̀, kí ẹ jọ gba ọkọ̀ kan. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń lọ sí Bódìjà?" kò ní kí ẹ di alágbe.

3. Ibi tí ẹ̀dínwó wà, àti ibi tí kò sí

Ká má tan ara wa, ẹ̀dínwó kò pọ̀ lórí ọ̀nà yìí. Ọmọ yín tó wà ní London lè sọ fún yín pé òun ní Railcard tó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó ọkọ̀ kúrò, tàbí pé ẹni tó bá tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ máa ń san díẹ̀. Ẹni tó wà ní Jámánì á ní òun ní BahnCard, káàdì ẹ̀dínwó rélùwéè tiwọn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Iye kan náà ni tíkẹ́ẹ̀tì Mọníyà sí Alágómejì, bóyá ẹ rà á lónìí o, bóyá ẹ rà á láàárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò. Ohun tí títètè rà ń fún yín ni àyè ìjókòó. Ní ọjọ́ Jímọ̀ àti ìparí ọ̀sẹ̀ tí ọdún bá wà, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ibi mẹ́ta ni mo mọ̀ tí owó ti ń dín lóòótọ́.

Ọ̀kan ni bí ọ̀nà ṣe gùn tó. Ẹni tó ń sọ̀ ní Abẹ́òkúta kò ní san iye tí ẹni tó ń lọ Alágómejì ń san. Ó dà bí ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kánjú lórí fóònù a máa fi ọwọ́ tẹ ibùdó tó kẹ́yìn láìwò. Ẹ ka ibùdó tí ẹ ti ń wọ̀ àti ibi tí ẹ ti ń sọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó sanwó.

Èkejì ni ti ọmọdé. Owó ọmọdé wà lọ́tọ̀, ó sì kéré sí ti àgbà. Ẹ wo ọjọ́ orí tí wọ́n kọ síbi tí ẹ ti ń rà á, kí ẹ sì fi ọjọ́ orí ọmọ yín gan-an sí i. Mo mọ̀ pé àwa òbí máa ń fẹ́ dín ọdún ọmọ kù níbi owó, tí a ó sì fi kún un níbi ìforúkọsílẹ̀ ilé ìwé. Lẹ́nu géètì, níwájú èrò, tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá dáhùn pé "ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí", ẹ̀sín ni.

Ẹ̀kẹta, tó sì tóbi jù, ni ìgbà ọdún. Ní Kérésìmesì ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ ní kí rélùwéè máa gbé èrò lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n tún ṣe é ní 2024, láti ọjọ́ 20 oṣù Ọ̀pẹ di ọjọ́ 5 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025. Ẹ má retí pé ó di dandan lọ́dọọdún. Ẹ fetí sí rédíò bí oṣù Ọ̀pẹ bá ti wọlé. Bí wọ́n bá kéde rẹ̀, ohun mẹ́ta ni kí ẹ ṣe kíá. Ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì, torí pé ọ̀fẹ́ kò ní kí ẹ wọlé láìní ìwé ìrìnàjò. Ẹ wo ọjọ́ tí ọ̀fẹ́ ń parí, kí àlọ yín má jẹ́ ọ̀fẹ́ kí àbọ̀ wá di owó ńlá nígbà tí gbogbo ayé ń padà síbi iṣẹ́. Kí ẹ sì tètè dé ibùdó, torí lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò ní nǹkan kan í ṣe l'Ékòó gan-an á fẹ́ lọ wò ó.

Àwọn ará Ọ̀ṣun tó ń gbé Èkó tàbí Ìbàdàn náà ní tiwọn. Láti ayé Gómìnà Aregbesola ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti máa ń ya rélùwéè ọ̀fẹ́ lọ sí Òṣogbo fún ọdún Iléyá, ọdún Kérésìmesì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú irin àtijọ́ ni ìyẹn ń tọ̀, nítorí náà kò yára rárá. Ẹ gbé oúnjẹ dání, kí ẹ má sì ṣàdéhùn ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá jẹ́ ilé ìwé tàbí ẹgbẹ́ ìjọ tó fẹ́ kó èrò púpọ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ibùdó Mọníyà ṣáájú, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe. Ẹnu tó béèrè kì í bẹ́.

4. Ríra tíkẹ́ẹ̀tì

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti rà á, lójú òpó àjọ rélùwéè fúnra rẹ̀, NRC. Ẹ wo àpapọ̀ owó tó jáde gbẹ̀yìn, torí wọ́n lè fi owó iṣẹ́ kún iye tí ẹ kọ́kọ́ rí. Orúkọ tí ẹ kọ gbọ́dọ̀ bá káàdì ìdánimọ̀ yín mu. Ẹ mú NIN tàbí káàdì mìíràn dání. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọlu rélùwéè Àbújá sí Kàdúná ní oṣù kẹta ọdún 2022 ni wọ́n ti túbọ̀ le mọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wọ ọkọ̀ lórí ọ̀nà yẹn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tó ní òun ní "ọ̀nà" lórí WhatsApp. Ohun tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí yín jẹ́ àwòrán kóòdù onígun mẹ́rin kan, ó sì lè ti fi kóòdù kan náà ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́fà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé géètì ni ẹ̀rọ máa gbà. Ẹ̀yin tó kù á wá dúró síta pẹ̀lú àpò yín. Ẹni ń wá ìfà, ń wá òfò.

Ẹ ya àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì náà pa mọ́ sórí fóònù, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè ṣe yín bákan lẹ́nu géètì gan-an. Kí ẹ sì dé ibùdó ní wákàtí kan ṣáájú. Wọ́n máa ń yẹ ẹrù wò bíi ti pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n sì máa ń ti géètì kí ọkọ̀ tó gbéra. Bọ́ọ̀sì gáréèjì ń dúró de èrò. Rélùwéè kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

5. Kíláàsì wo?

Mẹ́ta ni: ìkọ́nọ́mì, bísínẹ́ẹ̀sì, fọ́ọ̀sì kíláàsì. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2021, ₦5,000 ni bísínẹ́ẹ̀sì, ₦6,000 ni fọ́ọ̀sì kíláàsì, láti Ìbàdàn dé Èkó. Ẹgbẹ̀rún kan péré ló wà láàárín wọn. Owó ti gòkè láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń yàn án ni pé mi ò kì í wo iye kíláàsì. Àlàfo àárín rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e ni mò ń wò, mo sì ń bi ara mi pé kí ni àlàfo yẹn ń rà fún mi.

Ọ̀nà yìí kò ju bíi wákàtí méjì ààbọ̀ lọ. Lójú tèmi, ẹni tí ara rẹ̀ le, tó ń lọ nìkan, tí àpò rẹ̀ kò wúwo, ìkọ́nọ́mì tó o. Bí ẹ bá ń mú àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn lọ rí dókítà l'Ékòó, ẹ ra bísínẹ́ẹ̀sì fún un láìjiyàn, àyè ẹsẹ̀ níbẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà náà lè rò ó. Fọ́ọ̀sì kíláàsì? Ẹni tí owó kò dùn máa gbádùn rẹ̀. Èmi á kúkú fi àlàfo owó yẹn jẹ àmàlà.

Bí ojú yín bá máa ń pòòyì tí ẹ bá ń lọ sẹ́yìn, ẹ bi òṣìṣẹ́ ibùdó léèrè apá tí ìjókòó yín kọjú sí. Àwọn ìjókòó kan dojú kọ ara wọn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn lọ.

6. Nínú ọkọ̀: ohun tó yẹ kí ẹ wò

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi kíkùn nìkan ṣe ìdájọ́ rélùwéè. "Ọkọ̀ yẹn kò da." Kí ni kò da níbẹ̀? Wọn ò lè sọ. Ẹ ṣí ibi àkọsílẹ̀ lórí fóònù yín, kí ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí bí ẹ ṣe ń lọ. Máàkì mẹ́ta ni mò ń lò: ó dáa, ó ṣe é mú mọ́ra, kò dáa.

Ìjókòó ni ẹ ó kọ́kọ́ kàn. Ẹ dé ibẹ̀, ẹ bá màmá kan tó ti tẹ́ aṣọ, tó ti tú oúnjẹ lé orí tábìlì. Ẹ má na tíkẹ́ẹ̀tì sí wọn lójú. "Ẹ kú ìjókòó, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo nọ́ńbà tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín, ó dà bíi pé ibi tí wọ́n fún mi nìyí." Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á dìde. Bí wọn ò bá dìde, ẹ má bá wọn fà á, ẹ pe òṣìṣẹ́ kóòṣì, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó yàrá ọkọ̀ tí ẹ wà. Ibí yìí ni ìdánwò iṣẹ́ àkọ́kọ́ wà: ṣé ó wo tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì kó tó sọ̀rọ̀, àbí ó ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibòmíì jókòó sí" kí ọ̀rọ̀ lè tán? Èyí èkejì yẹn, kò dáa ni kí ẹ kọ, bó ti wù kó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ tó.

Amúlétutù kò ṣe é dájọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀ ní Mọníyà. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá Ọ̀mí-Adió. Inú kóòṣì tí wọ́n ti fèrèsé pa, bí amúlétutù kò bá ṣiṣẹ́, ìyà gidi ni, nítorí náà máàkì rẹ̀ wúwo lọ́wọ́ mi. Ó sì lè jẹ́ pé òtútù ló pọ̀ jù. Ẹ ní kí wọ́n bá yín dín in kù, kí ẹ wo bó ṣe máa rí: bóyá ẹnì kan máa lọ ṣe é, bóyá wọ́n á ní "ó ti wà bẹ́ẹ̀ ni".

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo gbára lé jù. Kò sí tọ́yílẹ́ẹ̀tì tí kì í mọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni. Ẹ lọ wò ó lẹ́yìn Abẹ́òkúta, nígbà tí èrò ti lò ó dáadáa. Ẹ yí ẹnu ẹ̀rọ omi: ṣé omi ń dà, àbí ó kán tó tó tó, ó dákẹ́? Ọṣẹ ńkọ́? Ilẹ̀kùn ń tì látinú, àbí ẹ ní láti fi ẹsẹ̀ kan dì í mú? Ẹ wo ilẹ̀. Bí ó bá tutù, ṣé omi ni, àbí nǹkan míì? Kí ẹ tó padà síjòókòó, ẹ ronú bóyá ẹ ti rí ẹnikẹ́ni tó mú ìnulẹ̀ kọjá láti ìgbà tí ọkọ̀ ti gbéra. Tọ́yílẹ́ẹ̀tì tó dọ̀tí tí ẹnì kan ń pààrà rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹnikẹ́ni kò bojú wò. Àwa èrò náà ní tiwa níbẹ̀ o. Ẹni tó da ewé mọ́ínmọ́ín sínú àwo tọ́yílẹ́ẹ̀tì kò lè máa bú òṣìṣẹ́ pé omi kò lọ.

Ìdúró. Bí ọkọ̀ bá dúró níbi tí kì í ṣe ibùdó, ẹ wo aago. Mi ò ka ìdúró sí ẹ̀ṣẹ̀ òṣìṣẹ́ inú kóòṣì, kì í ṣe òun ló ń wa ọkọ̀. Ohun tí mò ń wò ni bó ṣe pẹ́ tó kí ẹnì kan tó bá èrò sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó dáa. Ìdajì wákàtí láìsí ọ̀rọ̀ kan, kò dáa, kódà bí a bá padà dé Èkó lásìkò. Ẹ tún gbọ́ ìkéde ibùdó tó kàn: ṣé ó ṣáájú dídé tó láti fi gbé ẹrù kalẹ̀, ṣé etí sì gbọ́ ọ?

Ní ti eré, ẹ má ṣe fi í dá wọn lẹ́jọ́ jù. Wọ́n kọ́ ojú irin yìí fún eré tó lè tó kìlómítà 150 ní wákàtí kan, èyí ló mú kí àwọn kan máa retí ohun tí wọ́n rí nínú fídíò China. Ṣùgbọ́n kìlómítà 157 láàárín wákàtí méjì ààbọ̀ jẹ́ bíi 63 ní wákàtí kan, torí ó ń dúró lójú ọ̀nà, ó sì ń rọra láàárín ìlú. Wákàtí tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ kọ ìgbà tó gbéra àti ìgbà tó gúnlẹ̀, ó parí.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì: ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, kí ẹ wò ó bóyá iná wọ fóònù. Ìṣẹ́jú kan.

Oúnjẹ kò wúwo lórí òṣùwọ̀n mi. Ìpanu, omi àti mínírà ni ẹ máa rí jù, owó rẹ̀ sì lè ju ti ìta lọ. Ẹ béèrè iye kí ẹ tó ṣí ìdérí, kí ẹ sì mú owó kéékèèké dání nítorí ọ̀rọ̀ ṣéńjì. Tàbí kí ẹ gbé tiyín láti ilé: àkàrà, búrẹ́dì, mọ́ínmọ́ín, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ dákun, ẹ fi ẹja yíyan sílẹ̀. Kóòṣì tí fèrèsé rẹ̀ tì kò mọ ẹni tó ni ẹja, gbogbo wa ló máa jọ ni ín.

Nígbà tí ẹ bá ń ro máàkì pọ̀, ẹ ka tọ́yílẹ́ẹ̀tì, amúlétutù àti bí wọ́n ṣe ń bá èrò sọ̀rọ̀ sí ìlọ́po méjì. Kí ẹ sì fi ìkọ́nọ́mì wé ìkọ́nọ́mì. Ẹni tó san owó ìkọ́nọ́mì lẹ́tọ̀ọ́ sí omi, afẹ́fẹ́ àti ọ̀rọ̀ dídáa bí ẹni tó wà ní fọ́ọ̀sì kíláàsì. Fọ́ọ̀mù tó rọ̀ lábẹ́ ìdí àti àyè ẹsẹ̀ ni kò lè bèèrè. Ìrìnàjò kan kò tó ṣe ìdájọ́. Ẹ wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, kí ẹ tún wọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tí èrò kún, kí ẹ wo ohun tó yí padà. Bí bísínẹ́ẹ̀sì bá gba máàkì kan náà pẹ̀lú ìkọ́nọ́mì lọ́wọ́ yín ní ìgbà méjèèjì, ẹ ti mọ ibi tí owó yín ń lọ.

7. Bí iṣẹ́ kò bá tó owó

Òṣìṣẹ́ kóòṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, nígbà tí nǹkan náà ṣì ṣe é tún ṣe. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Omi kò dà nínú tọ́yílẹ́ẹ̀tì yìí, ẹ jọ̀ọ́ ta ni ká sọ fún?" Ìbéèrè yẹn ń jẹ́ kí ó ní ọ̀nà láti ràn yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá fi "ìwọ" àti ariwo bẹ̀rẹ̀, gbogbo kóòṣì á gbè sí i lẹ́yìn, ẹ̀yin lẹ máa wá jẹ̀bi.

Bí kò bá yanjú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá ibùdó tí ẹ sọ̀ sí. Kí ó kúrú, kí ó ní ọjọ́, àkókò, kóòṣì, nọ́ńbà ìjókòó, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tí ẹ sọ fún àti ohun tí ẹ ń fẹ́. Báyìí:

"Mo wọ ọkọ̀ àárọ̀ láti Mọníyà sí Alágómejì lónìí, kóòṣì kẹta, ìjókòó 41, bísínẹ́ẹ̀sì. Amúlétutù kò ṣiṣẹ́ láti Ọ̀mí-Adió títí a fi gúnlẹ̀. Mo sọ fún òṣìṣẹ́ kóòṣì lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹni tó wá wò ó, wọn ò sì gbé wa lọ sí kóòṣì mìíràn. Mo ń béèrè fún àlàfo owó tó wà láàárín bísínẹ́ẹ̀sì àti ìkọ́nọ́mì. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì mi nìyí."

Ẹ kíyè sí i pé kò sí èébú níbẹ̀, kò sí "orílẹ̀-èdè yìí ti bàjẹ́". Ohun tí ẹnì kan lè fọwọ́ sí tàbí kó kọ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì, má ṣe nù ún kúrò lórí fóònù. Bí ìdáhùn kò bá wá láti ibùdó, ẹ kọ̀wé sí NRC, lẹ́yìn náà sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 2018 dá sílẹ̀ láti máa gbèjà oníbàárà. Wọ́n ń gba ẹ̀sùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ so ẹ̀dà lẹ́tà àkọ́kọ́ mọ́ ọn.

Bí òṣìṣẹ́ kan bá sì ṣe dáadáa, ẹ wo orúkọ tó wà láyà rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá ibùdó kan náà. Ìlà méjì ti tó.